Nọ́ọ̀sì, CHEW àbí auxiliary? Ohun tó yẹ kí òbí béèrè kí wọ́n tó sanwó

Bí èsì WAEC bá ti jáde, àìmọye òbí l'Óṣogbo, nílùú Iléṣà àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló máa ń fẹ́ kí ọmọ wọn lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àmọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe kékeré, àwọn tó ń wá ààyè pọ̀ ju ààyè tó wà lọ, èsì ọmọ mìíràn kì í sì í pé. Ibẹ̀ ni ẹnìkan á ti júwe ọ̀nà àbùjá: kí ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni fún ọdún kan tàbí méjì, kó gba sàtífíkéètì, kó máa wọ aṣọ funfun.

Lójú aláìsàn tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn. Lójú òfin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìwé tí orúkọ òṣìṣẹ́ bá wà ló ń sọ iye tó lè gbà, iṣẹ́ tó lè ṣe, àti ibi tí iṣẹ́ náà lè gbé e dé.

Nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ǹsì

Àjọ Nursing and Midwifery Council of Nigeria, tí wọ́n ń pè ní NMCN, ló ń fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní láísẹ́ǹsì. Kí ọmọ tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìjókòó méjì lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọdún mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti ń di ND àti HND, ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ti yunifásítì jẹ́ ọdún márùn-ún. Ìdánwò àjọ náà ló kàn kí láísẹ́ǹsì tó jáde, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun.

CHEW àti JCHEW

Àwọn wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ tí ìyá ọlọ́mọ sábà máa ń bá pàdé ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé. Ẹ̀kọ́ JCHEW jẹ́ ọdún méjì, ti CHEW jẹ́ ọdún mẹ́ta. Osun State College of Health Technology tó wà nílùú Iléṣà wà lára àwọn tó ń kọ́ wọn. Wọ́n ní àjọ tiwọn tó ń forúkọ wọn sílẹ̀: Community Health Practitioners Registration Board of Nigeria.

Wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń tọ́jú aboyún, wọ́n ń yẹ ibà wò, wọ́n ń fún èèyàn lóògùn rẹ̀, wọ́n sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Standing Orders. Òun ló ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá rí àmì báyìí, ohun báyìí ni kí wọ́n ṣe, bí ó bá sì kọjá báyìí, kí wọ́n tètè gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Lọ́dún 2014, ìlànà ìjọba àpapọ̀ fẹ iṣẹ́ wọn sí i, débi pé CHEW tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè fi ìfètòsọ́mọbíbí ti apá sí obìnrin lára. Síbẹ̀, CHEW kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò sì gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Auxiliary

Auxiliary kò sí nínú ìwé àjọ kankan. Ó lè tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, kó wẹ aláìsàn, kó máa ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá òun nìkan dá iṣẹ́ alẹ́, tí wọ́n ní kó fi dírípù sí aláìsàn lára tàbí kó gbẹ̀bí. Bí nǹkan bá yíwọ́, kò ní láísẹ́ǹsì tó máa gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀bi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ọmọ tó ń wá iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun àti aláìsàn ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Owó oṣù ńkọ́?

Láti oṣù kìíní ọdún 2010 ni nọ́ọ̀sì àti CHEW tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ti wà lórí ètò owó oṣù tí wọ́n ń pè ní CONHESS. Ètò kan náà ni, àmọ́ ìpele CHEW máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ti nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń sanwó tún ṣe pàtàkì. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san ti Wesley Guild, Iléṣà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san ti UNIOSUN Teaching Hospital l'Óṣogbo. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí owó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun há s'Ábùjá lọ́dún 2025 nítorí awuyewuye lórí àwọn alága, ọ̀rọ̀ náà kan òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú.

Oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 jákèjádò Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi tiẹ̀ sí ₦75,000 láti oṣù kejìlá ọdún náà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25. Ọ̀pọ̀ ọsibítù aládàáni kékeré kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí auxiliary fi lè gba owó tó kéré gan-an, tí kò sì ní rí ibi tó máa fẹjọ́ sùn sí.

Ẹ̀kọ́ kan láti Ìmẹ̀sí-Ilé

Kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ tí kò kàwé tó dókítà kò wúlò. Lọ́dún 1956 ni David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Wesley Guild. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá kíníkì sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ló ń wọn ọmọ, tí wọ́n sì ń tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn wọn. Ikú ọmọdé dínkù gan-an nílùú náà. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí wọ́n lò níbẹ̀, tí ìyá ọmọ ń tọ́jú sílé, padà di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà dáadáa, wọ́n sọ ibi tí iṣẹ́ wọn parí sí, ọsibítù ńlá sì wà lẹ́yìn wọn.

Òkè òkun

Àwọn kan ń ro Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, LPN jẹ́ nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ bí ọdún kan, tó yege nínú ìdánwò NCLEX-PN, tó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tàbí dókítà. Texas àti California ń pè é ní LVN. Lọ́dún 2023, owó ọdún LPN tó wà láàárín jẹ́ $59,730, ti nọ́ọ̀sì àgbà jẹ́ $86,070. Nàìjíríà kò ní ipò yìí. CHEW ló sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìwé CHEW kì í ṣe ìwé nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún. Ẹni náà máa tún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tí NMCN fún ní láísẹ́ǹsì lè gbìyànjú NCLEX-RN, àmọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2024, ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì kí àjọ náà tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Ní ti Britain, láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn fífi físà mú olùtọ́jú arúgbó tuntun wọlé.

Ìbéèrè mẹ́ta

Kí òbí tó ka owó sílẹ̀, kó béèrè pé: Àjọ wo ló máa kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀? Ṣé àjọ náà mọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí? Bí ọmọ mi bá kúrò ní ọsibítù yìí, ta ni yóò tún gba ìwé rẹ̀? Àwọn àjọ méjèèjì ní ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí aráàlú mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò bá rí ìbéèrè àkọ́kọ́ dáhùn, kí òbí mú owó rẹ̀ padà sílé. Ọmọ tí èsì rẹ̀ kò pé ṣì lè tún ìdánwò jókòó. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.