Ẹ Kọ Iye Owó Náà Sára Ògiri

Tí wọ́n bá ti dárúkọ ìwà àjẹbánu, EFCC àti ẹ̀wọ̀n ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ùgáńdà.

Ìjọba ibẹ̀ máa ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣírò rẹ̀ lórí iye ọmọ. Láti 1991 sí 1995, nínú ṣílè 100 tó kúrò lọ́dọ̀ ìjọba, bíi 13 péré ló ń dé ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ àgbègbè ni èyí tó pọ̀ jù há sí. Kí ló fà á? Àwọn òbí ò mọ̀ pé owó kankan ń bọ̀. Ohun téèyàn ò mọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ bèèrè rẹ̀?

Lẹ́yìn tí àṣírí tú, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó náà sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ẹ́ sára ògiri. Nígbà tó fi máa di 2001, ohun tó ń dé ti lé ní 80 nínú 100. Kì í ṣe ìkéde nìkan ló ṣe é o, àmọ́ ó ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an.

Ní Nàìjíríà, a ní òfin FOI láti 2011. Ẹnikẹ́ni lè bèèrè àkọsílẹ̀ ìnáwó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì ní láti sọ ìdí. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Tí wọ́n bá kọ̀, ilé ẹjọ́ wà.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní àwọn ti gbẹ́ kànga ládùúgbò yín, ẹ fọ̀wọ̀ bèèrè: èló ni? Ta ló gbà á? Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi.