Wi-Fi kọ̀ lórí Linux yín? Ẹ má yọ páásíwọ́ọ̀dù o

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù ló ti ń lo Linux lórí laptop tòkunbọ̀ báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ni ẹ̀rọ tó ti dàgbà lára púpọ̀. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Wi-Fi bá kọ̀: fóònù gbogbo ilé ń ṣiṣẹ́, laptop yín nìkan ló ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù ṣáá. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Yọ páásíwọ́ọ̀dù yẹn kúrò lára router jàre, kí gbogbo wa sinmi."

Èmi ò fara mọ́ ọn o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí Wi-Fi bá wà ní ṣíṣí sílẹ̀, dátà tí aládùúgbò máa jẹ kọ́ ni ewu tó tóbi jù. Ẹni tó wà nítòsí lè máa wo ojúlé tí ẹ̀ ń lọ. Bí ojúlé ọ̀hún kò bá ní HTTPS, á rí ohun tí ẹ tẹ̀ síbẹ̀ pàápàá. Bí ẹnì kan bá sì fi íntánẹ́ẹ̀tì yín lu jìbìtì, ilẹ̀kùn yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá ìdí ọ̀rọ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí terminal, kí ẹ tẹ "rfkill list". Bó bá sọ pé "Soft blocked: yes", ẹ tẹ "rfkill unblock wifi". Bó bá jẹ́ "Hard blocked: yes", ẹ wo ara laptop, bọ́tìnnì kan lè wà níbẹ̀ tẹ́nì kan ti pa.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ "nmcli device". Tí ẹ ò bá rí wifi kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ driver ni, kò kan páásíwọ́ọ̀dù rárá. Káàdì Broadcom máa ń ṣe báyìí dáadáa lórí laptop àtijọ́. Ẹ fi okùn USB gba íntánẹ́ẹ̀tì látorí fóònù yín, tó bá jẹ́ Ubuntu lẹ̀ ń lò, kí ẹ wá driver rẹ̀ nínú "Additional Drivers".

Ṣé ó rí Wi-Fi, àmọ́ tó ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù léraléra? Ó lè jẹ́ pé èyí àtijọ́ ló ṣì dì mú. Ẹ fi "nmcli connection delete" àti orúkọ Wi-Fi náà pa á rẹ́, kí ẹ tún un so. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ wo router. WPA3 tó jáde lọ́dún 2018 kò yé àwọn káàdì àtijọ́ kan. Ẹ yí i sí WPA2 tó ń lo AES, ìyẹn ṣì dáa. Ẹ má sún mọ́ WEP: láti ọdún 2001 ni wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé já.

Ti iléèwé àti ọ́fíìsì ló wá léwu jù. Bí ẹ bá fẹ́ wọ eduroam, Linux á béèrè CA certificate. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń mú "No CA certificate is required", ó tán. Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni lè gbé ayédèrú Wi-Fi kalẹ̀ lórúkọ kan náà, kó gba páásíwọ́ọ̀dù yín, èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà lẹ fi ń ṣí ímeèlì iléèwé. Ẹ gba certificate náà lọ́wọ́ ẹ̀ka ICT. Ẹ wo déètì laptop yín pẹ̀lú: bí bátìrì kékeré inú tòkunbọ̀ bá ti kú, déètì á padà sẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì rò pé certificate náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin ará ICT náà, "lọ lo Windows" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ kọ ètò Linux sílẹ̀ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, kí ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ má baà fi ààbò rẹ̀ ṣòfò nítorí àtiwọlé.