Òkun Tí Ó Wà Ní Ewékorò Nígbà Kan Rí

Bí olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bá kó àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ lọ sí orí àpáta láti wá egungun ẹranko ayé àtijọ́, ọwọ́ òfo ni wọn yóò mú bọ̀. Ooru ńlá abẹ́ ilẹ̀ ni ó se àpáta tiwa. Egungun kò lè la irú rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ewékorò, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó, wọn yóò bá ohun ìyanu pàdé.

Òkúta ẹfun ni ó wà níbẹ̀, òkun ni ó sì bí i. Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi òkun bo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìgbín òkun, akàn àti ẹja ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, ìkarawun wọn kó jọ sí ìsàlẹ̀ omi, ó lẹ̀ pọ̀, ó sì di òkúta. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí, yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. A sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1977.

Òkúta yìí kan náà ni a ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960. A kò bá ẹnikẹ́ni jà: sìmẹ́ńtì ni a fi kọ́ ilé-ìwé wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ti ibẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ bá lọ̀ lónìí, ojú kò tún ní rí i mọ́ láéláé. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ilẹ̀ wa ni òkúta wọ̀nyí.

Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọba ya apá kan ibi ìwalẹ̀ náà sọ́tọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lè máa kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìkarawun wọ̀nyí kọ́ ọmọ wa. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí ẹni tí ń wá ìbò bá dé ẹnu-ọ̀nà yín, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe sí i. Ilẹ̀ ti pa ìtàn yìí mọ́ fún wa. Ẹ má jẹ́ kí ó ti ọwọ́ wa parun.