Egungun Ẹja Tí À Ń Jù Fún Ajá

Àǹtí mi ń ta iyán ní Arámọkọ. Láràárọ̀, kí wọ́n tó gbé odó, wọ́n á ti gé ẹja titus, orí àti ìrù á ti wà nínú ike kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àwọn ajá àdúgbò mọ ike yẹn dáadáa.

Ọmọ-ọmọ wọn kan, ọmọ ọdún mẹ́ta, wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síta bí ọrun. Àwọn aládùúgbò ní torí pé wọ́n tètè pọ̀n ọ́n ni. Mi ò gbà, ṣùgbọ́n mi ò ní èsì gidi lẹ́nu. Ni mo bá lọ kàwé.

Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ rickets. Egungun ọmọ kì í le tó, ìwúwo ara á wá tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé àìrí oòrùn ló ń fà á, torí oòrùn ló ń jẹ́ kí ara wa ṣe fítámì D. Ẹ gbọ́, oòrùn wo ni kò sí ní Èkìtì? Láwọn ọdún 1990, àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ (láti Ẹ̀fọ̀n, ẹ gba Iléṣà, ẹ ti débẹ̀) rí i pé àìtó kálísíọ́mù nínú oúnjẹ ló ń dá àwọn ọmọ wa láàmú. Lọ́dún 1999, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jos lórí ọmọ 123 tì í lẹ́yìn: àwọn tó gba kálísíọ́mù sàn ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ. Ẹ wá wo abọ́ ọmọ wa: ògì, iyán, ẹ̀bà. Kálísíọ́mù inú wọn ò tó nǹkan, mílíìkì sì ti di ọjà olówó.

Ní Jos yìí kan náà ni wọ́n ti dán ẹja lílọ̀ wò. Èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Àwọn ọmọ kan gba òkúta ẹfun lílọ̀, àwọn kan gba ẹja lílọ̀, fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló yá tán láàárín àsìkò yẹn o, ṣùgbọ́n egungun wọn ń le sí i.

Inú egungun ẹja ni kálísíọ́mù ọ̀hún pọ̀ sí. Ẹran ara ẹja ò ní tó bẹ́ẹ̀. Awọ náà ò ṣe é jù nù: kọ́lájìn inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ dì bí ògì tó bá sun inú fíríìjì. Orí titus kún fún òróró omega-3. Lókè òkun, wọ́n ń fa òróró ẹja yọ, wọ́n ń rọ ọ́ sínú kápúsù, àwa náà sì ń fi owó ńlá rà á ní kẹ́míìsì.

Mo se egungun inú ike ọjọ́ kan nínú ìkòkò pureṣọ̀ títí ó fi rọ̀ tí ọwọ́ lè fọ́ ọ, mo sá a gbẹ, mo lọ̀ ọ́, mo sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ kúnná, kí ìṣán egungun má baà há ọmọ lọ́fun.

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fẹ́ gba oúnjẹ ajá ni?"

Mo ní ká kọ́kọ́ ya X-ray, torí kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ni rickets. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ la máa gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ní Adó. Àǹtí mi ò tíì gbà mí gbọ́ tán, ṣùgbọ́n ike náà ti ní ìdérí báyìí.