Máàpù tó ń bẹ̀ wá lọ́wẹ̀: ohun tí ìṣẹ́jú kan lè ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúbú, ilé àwọn Àgùdà tí ìjọba ti kéde ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ẹni tó ń kọjá lọ sí ọjà Balógun lọ́jọ́ kejì ti mọ̀ pé ilé náà kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ohun tó mọ̀ yóò ṣe dé orí máàpù?

Ta ló ni máàpù náà?

Iṣẹ́ open source ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ṣe é kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ lè wo inú rẹ̀, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. Irú ọ̀nà yìí ni OpenStreetMap ń tọ̀, máàpù gbogbo ayé tí Steve Coast dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ju mílíọ̀nù 10 lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló ń padà wá lóṣooṣù.

Kí ló ń lé wọn?

Àwọn baba wa mọ̀ pé àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. A jọ mọ iṣẹ́, a jọ mọ ara wa. Ẹni tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀ ní tirẹ̀ ń wá lọ́jọ́ kan, ó ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, ó lọ. Ìdí nìyẹn tí olóko fi ń tètè múra: á se oúnjẹ, á sì ti mọ ibi tí kálukú yóò dúró sí. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ open source ló múra fún aláàáró nìkan. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún dé, wọ́n ní kó kọ́kọ́ kọ́ òfin àti irinṣẹ́. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ta ló múra sílẹ̀?

Lọ́dún 2017, Tobias Zwick, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé áàpù StreetComplete jáde fún OpenStreetMap. Dúró sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà, kí o ṣí i: àmì kan yọ lórí ilé tó wà níwájú rẹ. Tẹ̀ ẹ́, yóò bi ọ́ pé àjà mélòó ni ilé náà. O gbójú sókè, o kà á, o tẹ 4, ó parí. Áàpù náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ lọ́nà tí máàpù gbọ́.

Bí ẹnìkan bá tẹ irọ́ ńkọ́? OpenStreetMap ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe, ẹni tó ṣe é àti ìgbà tó ṣe é, nítorí náà a lè yí i padà. Bákan náà, ní YorubaNames.com, ìwé orúkọ Yorùbá lórí ayélujára tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn olótùú á sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Iṣẹ́ àwọn aláàáró ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì. Ènìyàn 20 ló bá a lọ, ọmọdé sì wà nínú wọn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, adóòlà ẹ̀mí nílò láti mọ kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ lè gbà àti iye àjà tó wó. Ará àdúgbò ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni iṣẹ́ máàpù bi í nígbà tí ilé ṣì wà lórí ìdúró.