Ọkọ̀ Orí Fóònù, Àwọn Ọ̀dọ́ àti Ojú Pópó Èkó

Ní Èkó, àjọwọ ọkọ̀ ti wà kí fóònù alágbèéká tó dé. Dáńfó ń kó èrò láti Òṣòdì dé Ọbáléndé, ẹni mẹ́rin lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta, kọ́ńdọ́ á sì máa pariwo pé, "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ohun tó yí padà fáwọn ọ̀dọ́ ni bí wọ́n ṣe ń pe ọkọ̀. Uber, ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè, dé Èkó lọ́dún 2014. Taxify, tó wá di Bolt, tẹ̀ lé e ní 2016. Ẹni tó bá ti ní dátà lórí fóònù lè pe mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé irú ọkọ̀ yìí ń dín èéfín ìlú kù, torí ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kò ní ra mọ́tò tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ tán. Mọ́tò tó gbé ẹnì kan ṣoṣo ń dá kún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bíi ti aládàáni, ó sì tún ń sáré lófìfo kiri kó tó rí èrò mìíràn. Ní 2020, ẹgbẹ́ Union of Concerned Scientists ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé, ní ìpíndọ́gba, èéfín amáyégbóná tí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ń tú jáde fi ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti èyí tó rọ́pò lọ. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀: lára àwọn tó ń pe mọ́tò, a rí ẹni tí ì bá wọ bọ́ọ̀sì tàbí kó fẹsẹ̀ rìn. Bí àwọn tí kò mọra bá jọ wọ mọ́tò kan náà, èéfín náà á dín kù.

Bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin tó kún ló ń mú ìyàtọ̀ wá. Bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2008, láti Mile 12 dé CMS, pẹ̀lú ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, oníkìlómítà 13 láti Marina dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023. Iná mànàmáná ló ń lò. Káàdì Cowry kan náà ni wọ́n ń fi wọ méjèèjì. Dáńfó náà ń kún, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó, èéfín rẹ̀ dúdú bí èédú.

Owó ló ń pàṣẹ jù. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, jálá bẹntiróò tí kò tó 200 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Àpò akẹ́kọ̀ọ́ ò lè gbé Bolt lójoojúmọ́. Bó bá sì wọ bọ́ọ̀sì, ibi tí ìṣòro kù sí ni àárín ibùdókọ̀ àti ilé. Láti 2020 ni ìjọba ti ń lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti kọ̀rọ̀pẹ́ ló sì ń kó èrò wọ inú àdúgbò.