Bí Hamlet Ṣe Bọ́ láti Orí Ìtàgé Sínú Sinimá

Ìtàn ẹ̀san ni Hamlet, eré tí William Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1600. Òkú ọba ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì yọ sí Hamlet ọmọ rẹ̀ lóru, ó ní Claudius, àbúrò òun, ló da májèlé sí òun létí lójú oorun, ló gorí ìtẹ́, ló sì ṣú ìyàwó òun lópó. Ó ní kí ọmọ gba ẹ̀san. Ká ní ọmọ yìí yọ idà lọ́jọ́ kejì ni, eré ì bá ti parí kí ó tó gbóná. Ṣùgbọ́n Hamlet ń rò ó, ó ń díbọ́n bíi wèrè, ó ń dá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ̀san yóò fi dé, ìyá rẹ̀, olólùfẹ́ rẹ̀, bàbá olólùfẹ́ náà àti òun fúnra rẹ̀ ti bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ tí Hamlet ń dá sọ yìí ló máa ń dá àwọn tó fẹ́ fi eré náà ṣe fíìmù láàmú. Lórí ìtàgé, òṣèré á kọjú sí àwọn òǹwòran, á sì tú inú rẹ̀ fún wọn. Bí wọn kò bá gé nǹkan kan kúrò, eré náà ń gbà tó wákàtí mẹ́rin. Kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sún mọ́ ojú ènìyàn débi pé a ti rí ìbànújẹ́ rẹ̀ kí ó tó lanu. Ta wá ni Hamlet ń bá sọ̀rọ̀?

Laurence Olivier, nínú fíìmù rẹ̀ ti ọdún 1948, jẹ́ kí ẹnu òṣèré pa dé nígbà mìíràn, kí a máa gbọ́ ohùn ọkàn rẹ̀. Fíìmù náà ni àkọ́kọ́ láti òkè òkun tó gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, Olivier yọ Fortinbras, ọmọ ọba tó ń kó ogun bọ̀, kúrò pátápátá, ohun tó kù kò sì ju ìjà ìdílé lọ. Kenneth Branagh kò yọ nǹkan kan ní 1996. Ó gbé Hamlet síwájú dígí ńlá, Claudius sì wà lẹ́yìn dígí náà, ó ń wò ó. Ọ̀tá ló wá ń gbọ́ àṣírí ọkàn.

Grigori Kozintsev ti Rọ́ṣíà (1964) gbẹ́kẹ̀ lé ojú ju ẹnu lọ: òkun, òkúta, ilẹ̀kùn onírin. Nígbà tí Ophelia, olólùfẹ́ Hamlet, ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n de irin mọ́ ọn lára kí wọ́n tó wọ aṣọ dúdú fún un. Kò sí ẹni tí wọn yóò tún ṣàlàyé fún pé ẹ̀wọ̀n ni ààfin náà.

Vishal Bhardwaj ti Íńdíà ló gbójú jù. Ó gbé ìtàn náà lọ sí Kashmir ní 1995, àkókò tí ọ̀tẹ̀ ń jà níbẹ̀, ó sì pè é ní Haider (2014). Dókítà ni bàbá. Àwọn sójà mú un lọ nítorí pé ó tọ́jú ọlọ̀tẹ̀ kan. Kò sí òkú tó yọ sí ẹnikẹ́ni: ọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà látìmọ́lé ló jíṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ àdásọ di ọ̀rọ̀ gbangba, nítorí Haider fá orí, ó kó okùn sọ́rùn, ó ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ní ìparí, ìyá fi bọ́ǹbù pa ara rẹ̀, ẹsẹ̀ arákùnrin bàbá gé, ó ń bẹ Haider pé kí ó pa òun. Haider yí ẹ̀yìn padà, ó lọ.

Àwọn ọmọdé tó wo The Lion King (1994) náà ti bá ìtàn Hamlet pàdé láìmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayọ̀ ni wọ́n fi parí tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Shakespeare, kí ó wá ti Branagh. Ẹni tí kò bá ní àyè ju ẹyọ kan lọ, kí ó wo ti Kozintsev.